Ọjọ́ Tí Ìkẹ́olúwa Gun Ilé Agogo

Nígbà tí Bàbá Ìjọ Ọmọ́tọ́ṣọ́ kéde níwájú pẹpẹ pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Kàtídírà Òkè-Ìyìn yóò máa gba àlejò tó bá fẹ́ ìrìn àdáni, kí afinimọ̀nà kan mú onítọ̀hún yí gbogbo ilé ká, láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí dẹ́kì tó wà lókè ilé agogo, gbogbo ìjọ ló pàtẹ́wọ́. Ìkẹ́olúwa nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó láàárín àwọn akọrin, ọ̀pá rẹ̀ fara ti ìjókòó, ó gbójú sókè wo àjà ilé bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà, lọ́dún 1996, bóyá ni àlejò kan ń dé ààfin tí wọn kì í darí rẹ̀ sí Òkè-Ìyìn. Òkìkí kàtídírà yẹn kàn dé Èkó, ó kàn dé òkè òkun. Wọ́n ní bí èèyàn bá dúró lórí dẹ́kì rẹ̀, yóò rí ìlú bí ẹni ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n ní ni o, torí Ìkẹ́olúwa kò débẹ̀ rí. Inú ilé náà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, ibẹ̀ ló ti ṣègbéyàwó, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu ọ̀nà àtẹ̀gùn ilé agogo wọlé lọ́jọ́ kan.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú un kó tó lè sọ̀rọ̀ já gaara. Àrùn náà lọ, ó fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ fún un ní tín-ín-rín, ẹsẹ̀ tí kò lè gbé ara rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí kó gbé ẹni tó ni ín. Iṣẹ́ ìránṣọ ni àwọn òbí rẹ̀ fi í kọ́. Nítorí pé kò lè tẹ màṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, màṣíìnì ọlọ́wọ́ ló ń lò, ó sì ti yí ọwọ́ màṣíìnì náà láti ìgbà ọ̀dọ́ títí tó fi ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Ìdí nìyẹn tí apá rẹ̀ fi le bí apá alágbẹ̀dẹ. Gbogbo aṣọ akọrin tí wọ́n ń wọ̀ ní Òkè-Ìyìn, òun ló rán an.

Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ọ́fíìsì ìjọ, ó bá Ọmọ́tọ́ṣọ́ lẹ́yìn tábìlì.

"Bàbá Ìjọ, ẹ káàárọ̀. Ìrìn àdáni tẹ́ ẹ kéde yẹn, èmi náà fẹ́ ẹ. Títí dé orí dẹ́kì."

Ọmọ́tọ́ṣọ́ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín; ẹ̀rín àánú ni. Lójú Ìkẹ́olúwa, ẹ̀rín àánú burú ju ti ẹ̀sín lọ, torí pé èèyàn lè fìjà dá ẹni tó ń fini ṣe ẹ̀sín lóhùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá aláàánú jà?

"Ìkẹ́, Ìkẹ́," ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ wí. "Ẹsẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ náà ń bá mi lọ."

"Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lọ́ pọ bí ìkarahun ìgbín. Kò ní ibi téèyàn ń dì mú. Bó o bá ṣubú, kí la ó wí fún Fọláyọ̀ ọmọ rẹ? Wò ó, n ó ní kí ayàwòrán gòkè lọ, kó ya gbogbo ìlú wálẹ̀ fún ọ. Èmi fúnra mi ni n ó fi férémù sí i."

"Bàbá Ìjọ, mi ò tọrọ fọ́tò lọ́wọ́ yín."

"Àwọn àlejò la ṣètò yẹn fún. Ìwọ, onílé ni ọ́."

"Onílé tí kò dé yàrá òkè ilé ara rẹ̀ rí," ni Ìkẹ́olúwa wí, "ṣé onílé nìyẹn, àbí ayálégbé?"

Ọmọ́tọ́ṣọ́ tún rẹ́rìn-ín àánú yẹn, ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ó tilẹ̀ bá a di ọ̀pá rẹ̀ mú títí ó fi dé ìta. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Kò parí. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ti pẹ́ ju ti ọjọ́ yẹn lọ. Kíláàsì kan náà ni wọ́n jọ wà nílé ẹ̀kọ́ ìjọ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Lọ́jọ́ kan, tíṣà wọn ní òun yóò mú gbogbo kíláàsì gun ilé agogo, kí wọ́n lè mọ bí ìlú wọn ṣe tẹ́ sí. Ìkẹ́olúwa bá wọn dé ìdí àtẹ̀gùn. Tíṣà wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo àtẹ̀gùn, ó ní, "Ìwọ, jókòó síbí, máa bá wa ṣọ́ ẹrù." Wọ́n kó síléètì àti fìlà wọn jọ síwájú rẹ̀ bí ẹni kó iṣu síwájú ajá, wọ́n sáré gòkè. Ó ń gbọ́ ohùn wọn lókè lọ́hùn-ún. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pe orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, Ọmọ́tọ́ṣọ́ kékeré sáré wá bá a, ó ní, "Ìkẹ́, a rí ilé yín! Kò ju páálí ìṣáná lọ!" Ìkẹ́olúwa ní, "Kí lẹ tún rí?" Ṣùgbọ́n ebi ti ń pa Ọmọ́tọ́ṣọ́, ó ti gba fìlà rẹ̀, ó ti sá lọ. Ọmọ mìíràn ló dá a lóhùn. Ó ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́ o!" Gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe pé Ìkẹ́olúwa ń ro ọ̀rọ̀ yìí lójoojúmọ́. Ó ti ní ọkọ, ó ti bímọ, ó ti sin òkú òbí, ó ti rí ohun tó ju ìyẹn lọ. Àmọ́ nígbàkígbà tí agogo Òkè-Ìyìn bá dún, nǹkan kan a máa wí nínú rẹ̀ pé ohùn yìí ń ti ibi tí ìwọ kò dé wá.

Bó ṣe ń ti ọ́fíìsì bọ̀, ó yà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fàòsíyà, ní apá ibi tí títì kan ti pààlà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ọmọ Modákẹ́kẹ́ ni Fàòsíyà, mùsùlùmí ni, opó bíi tirẹ̀ ni. Ó ní ilé kan tó ń fi háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ti lé gbogbo wọn lọ sílé, yàrá ṣófo, ó sì ń wá ohun tí yóò fi ọkàn rẹ̀ sí. Kì í bẹ̀rù èèyàn. Ẹni tí ó bá bá a jà lówùúrọ̀, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ní kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ?" ni Fàòsíyà bèèrè nígbà tó gbọ́ tán.

"Ó ní àlejò nìkan ni wọ́n ṣe é fún."

Fàòsíyà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá Fọláyọ̀, wò mí dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín yẹn, ṣé mo jọ onílé?"

Ọjọ́ kejì, Fàòsíyà wé ìborùn rẹ̀ tó dára jù, ó lọ sí ọ́fíìsì Òkè-Ìyìn. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́látitó ló bá níbẹ̀. Òun ni afinimọ̀nà. Ọmọ fásitì ni, ọdún kan péré ló kù fún un kó parí kí ìyanṣẹ́lódì tó dé, ìjọ sì gbà á síṣẹ́ títí wọn yóò fi ṣí ilé ẹ̀kọ́. Fàòsíyà ní àlejò ni òun, mùsùlùmí ni òun, òun ò wọ kàtídírà rí láyé òun, òun sì fẹ́ rí gbogbo rẹ̀ lóòjọ́. Inú Bọ́látitó dùn. Ó ní ẹni tó bá gba ìrìn àdáni lè mú ẹnì kan tẹ̀ lé ara rẹ̀.

"Mo ní ọ̀rẹ́ kan," ni Fàòsíyà wí.

Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni ọ̀rẹ́ náà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ tutù, òórùn ewé sì gba gbogbo àgbàlá. Nígbà tí Bọ́látitó rí Ìkẹ́olúwa lórí ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fàòsíyà, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó fi ìlẹ̀kùn ńlá hàn wọ́n, èyí tí àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ igi ọ̀pẹ àti ẹja sí lára. Ó mú wọn dúró sábẹ́ fèrèsé onígíláàsì tó ní oríṣiríṣi àwọ̀, níbi tí Pétérù ti ń rì sínú omi, tí oòrùn sì ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ ràn wá sórí sìmẹ́ǹtì ní àwọ̀ búlúù. Fàòsíyà na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ náà, ó ń wo bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe di búlúù.

"Èyí tó ń rì yìí, ṣé wọ́n yọ ọ́?" ló bèèrè.

"Wọ́n yọ ọ́, Màmá," ni Bọ́látitó dáhùn.

"Alihamudulilai. Mo ti ń káàánú rẹ̀ láti ìgbà tí mo wọlé."

Wọ́n kọjá lára dùùrù, wọ́n kọjá lára àga ìwàásù, wọ́n rí ibi tí wọ́n sin alùfáà àkọ́kọ́ sí. Ìkẹ́olúwa ń tẹ̀ lé wọn, tok, tok, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí sìmẹ́ǹtì. Ó mọ gbogbo ibẹ̀, àmọ́ ó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ náà, torí kò tíì sí ẹni tó fi ilé yìí hàn án rí bí ẹni pé ó tọ́ kí wọ́n fi hàn án.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí ilé agogo, Bọ́látitó dúró. Ìlẹ̀kùn kékeré kan ló wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò fi í sójú ihò.

"Ẹ̀yin màmá mi, ibí la parí rẹ̀ sí lónìí o. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an."

"Wọ́n ní títí dé orí dẹ́kì," ni Ìkẹ́olúwa wí.

Bọ́látitó kò lè wo ojú rẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Bàbá Ìjọ ti kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní bí mo bá rí ẹ̀yin pàápàá, kí n má ṣílẹ̀kùn. Wọ́n máa lé mi lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì, iṣẹ́ yìí ló ń bọ́ mi."

Fàòsíyà ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, Ìkẹ́olúwa gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ó súnmọ́ ọmọ náà.

"Bọ́látitó, mi ò fẹ́ kó o pàdánù iṣẹ́ rẹ nítorí mi. Fi kọ́kọ́rọ́ yẹn lé mi lọ́wọ́, kó o sì jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò ìta. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé arúgbó kan já a gbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Sọ pé ó fi ọ̀pá lé ọ. N ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n yálà o lọ tàbí o dúró, èmi ń gòkè lónìí."

Bọ́látitó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo obìnrin náà. Nǹkan bí ẹ̀rín sá kọjá létè rẹ̀.

"Màmá, ta ni yóò gbà pé ẹ lè fi ọ̀pá lé mi?" ló wí. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ihò, ó yí i. "Bí mo bá jẹ́ kẹ́ ẹ dá lọ, tí nǹkan wá ṣe yín, mi ò ní lè sùn mọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Òórùn àdán àti ti eruku ló kọ́kọ́ kí wọn. Àtẹ̀gùn náà lọ́ pọ lóòótọ́, ó há, ó dúdú, ògiri rẹ̀ méjèèjì sì ń dán nítorí ọwọ́ àwọn tó ti kọjá. Ìkẹ́olúwa gbé ọ̀pá rẹ̀ fún Fàòsíyà. Ó yí ẹ̀yìn sí òkè, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ sórí ìkejì. Ó fi ọwọ́ fa ẹsẹ̀ òsì tẹ̀ lé e. Ó tún gbé ara rẹ̀.

"Ṣé bó o ṣe máa ṣe é dókè nìyẹn?" ni Fàòsíyà bèèrè láti ìsàlẹ̀.

"Bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn."

"Ó dáa. Ṣáà rọra, kó o má jókòó lé akéèkèé."

Bí wọ́n ṣe ń lọ nìyẹn, Bọ́látitó níwájú, Ìkẹ́olúwa láàárín ní àfẹ̀yìnlọ, Fàòsíyà lẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀pá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó rọrùn. Apá tó ń yí màṣíìnì kò mọ ohun tí à ń pè ní àárẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọjá fèrèsé kékeré kejì, apá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó. Aṣọ rẹ̀ há mọ́ etí òkúta, ó ya, aránṣọ ni, ó sì mọ ohùn aṣọ tí kò ní ṣeé rán mọ́. Òógùn ń kán sójú rẹ̀. Ó dúró.

"Màmá Fọláyọ̀," ni Fàòsíyà wí, ohùn rẹ̀ sì ti rọ̀, "a ti gbìyànjú. Ẹni tó dé ibi tá a dé yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Jẹ́ ká padà."

Ìkẹ́olúwa fi etí aṣọ nu òógùn ojú rẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù sì ti bà á. Ó wo ìsàlẹ̀, kò rí ìdí àtẹ̀gùn mọ́, òkùnkùn ló rí. Ó ronú pé bóyá òótọ́ ni Ọmọ́tọ́ṣọ́ sọ. Bóyá fọ́tò náà ì bá tó.

Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀, tó ń ró wá lára ògiri.

"Ìkẹ́olúwa! Ìkẹ́olúwa! Sọ̀ kalẹ̀ kíákíá!"

Ọmọ́tọ́ṣọ́ ni. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un.

"Kò sí ohun tó ń lé mi sísàlẹ̀!" ni Ìkẹ́olúwa ké padà. Ẹnu ya òun alára sí bí ohùn rẹ̀ ṣe le.

"Mo ní kó o sọ̀ kalẹ̀! Èmi ni Bàbá Ìjọ!"

"Ẹ wá gbé mi sọ̀ kalẹ̀!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tó bó ti òkúta, ó gbé ara rẹ̀. Ó tún gbé ara rẹ̀. Ìbínú ti wọ apá rẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n san owó iṣẹ́ fún ṣáájú. Fàòsíyà kò sọ pé ká padà mọ́. Ohùn bàtà Ọmọ́tọ́ṣọ́ ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń yára, ó ń rọra, ó ń dúró, ó tún ń bọ̀.

Wọ́n dé yàrá agogo. Agogo ńlá náà wà níbẹ̀, ó dúdú, ó fẹ̀ ju bí Ìkẹ́olúwa ṣe rò lọ. Ó fọwọ́ kàn án. Ó tutù. Láti ibẹ̀, àkàbà onírin kan ló kù, tó gba ojú ihò kan jáde sórí dẹ́kì. Ó ń wo àkàbà náà nígbà tí Ọmọ́tọ́ṣọ́ yọ lẹ́nu àtẹ̀gùn. Bàbá náà sanra, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń bá a fà á. Ó di ògiri mú, ó ń mí bí ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré tán, kò lè sọ̀rọ̀. Fàòsíyà ló fún un ní omi inú ike tó gbé dání.

"Ẹ mu ún, Bàbá Ìjọ," ló wí. "Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó lé wa."

Ó mu ún, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, Bọ́látitó ló kọ́kọ́ yíjú sí. "Kọ́kọ́rọ́ mi dà? Ìwọ, iṣẹ́ rẹ ti tán níbí!"

"Má fọwọ́ kan ọmọ yẹn, Ọmọ́tọ́ṣọ́," ni Ìkẹ́olúwa wí.

Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti pè é bẹ́ẹ̀, láìsí Bàbá, láìsí ẹ̀yin. Ó wò ó.

"Ìkẹ́, bó o bá ṣubú níbẹ̀ yẹn, ọrùn ta ni wọn yóò so ó mọ́?"

"Ọrùn mi. Ara mi ni, èmi ni mo ni ín."

"Àánú rẹ ló ń ṣe mí. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ̀. Àánú yín ló ti fi mí sílẹ̀ nídìí àtẹ̀gùn yẹn láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé. Àánú ló ṣe tíṣà tó fi ní kí n ṣọ́ ẹrù. Ẹ gòkè, ẹ ń pariwo, mò ń gbọ́ yín. Mo bi ọ́ pé kí lẹ rí, o sá lọ."

"Ọmọdé la jẹ́ nígbà yẹn!"

"A ti dàgbà báyìí. Ta ló tún kù tó ń ṣe ọmọdé?"

Ìkẹ́olúwa kò dúró de èsì. Ó di irin àkàbà mú, ó fi apá fa ara rẹ̀ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé irin, ẹsẹ̀ òsì ń rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Bọ́látitó wà lókè, ó na ọwọ́. Fàòsíyà wà nísàlẹ̀, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá, kò sì dánu dúró. Láàárín méjì, irin kan yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òjò tó ti wọlé. Ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo rọ̀. Kò sẹ́ni tó mí nínú yàrá náà. Apá ọ̀tún, apá màṣíìnì, ló gbà á. Ó tún irin dì mú, ó fa ara rẹ̀, orí rẹ̀ yọ síta, afẹ́fẹ́ sì gbá a lójú.

Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde sórí dẹ́kì, ó sì jókòó síbẹ̀ bó ṣe wà, aṣọ yíya, ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀.

Ó ti rò pé òun yóò sunkún. Kò sunkún. Ẹ̀rín ló bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ńlá tó ń ti inú ikùn wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín náà lọ títí Fàòsíyà fi gòkè wá bá a, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ láìmọ ìdí. Páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wọn, èéfín oúnjẹ ọ̀sán ń yọ lára àwọn kan. Ògiri ààfin nìyẹn. Àwọn òkè ẹ̀yìn fásitì nìyẹn, òjò ti fọ̀ wọ́n, wọ́n dúdú. Ní Sábó lọ́hùn-ún, màlúù dúró bí ìṣáná tí wọ́n dà sílẹ̀. Ìkẹ́olúwa wá páànù ilé tirẹ̀ títí ó fi rí i.

Fàòsíyà rọ̀ mọ́ ògiri dẹ́kì, ó na ìka. "Ilé mi nìyẹn! Bọ́látitó, níbo ni Ifẹ̀ ti tán, tí Modákẹ́kẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Bọ́látitó wò ó títí. "Màmá, mi ò lè fi hàn yín láti ibí."

"Èmi náà ò rí i. Ìpẹtà wa dọ́gba."

Láti inú ihò àkàbà, ohùn Ọmọ́tọ́ṣọ́ gòkè wá, ó ti rọ̀.

"Ìkẹ́! Kí lo rí?"

"Gùn ún wá wò ó!" ni Ìkẹ́olúwa dáhùn.

Kò gùn ún. Bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bóyá ìtìjú ni. Nígbà tó ṣe, ó ní kí wọ́n máa bọ̀, oòrùn ti mú. Ìkẹ́olúwa ní òun yóò sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó bá wu òun. Ó jókòó síbẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi dákẹ́ gbígbọ̀n, títí ó fi wo gbogbo ìhà mẹ́rin tẹ́rùn, ó sì tún wo ìhà kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i. Sísọ̀ kalẹ̀ le ju gígùn lọ, ó gba ọ̀sán náà tán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká ìlú kí ó tó délé. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ìgbìmọ̀ ìjọ pè é. Àwọn àgbà jókòó yí tábìlì ká, ojú wọn le. Wọ́n ní ó tàpá sí àṣẹ, ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu, ó tan ìjọ jẹ, ó sì mú kí ọmọ òṣìṣẹ́ ṣàìgbọràn. Wọ́n ní ọmọ náà yóò lọ. Ibẹ̀ ni Ọmọ́tọ́ṣọ́, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbé ojú sókè.

"Èmi ni mo ní kí Bọ́látitó ṣílẹ̀kùn," ló wí.

Irọ́ ni, Ìkẹ́olúwa mọ̀ pé irọ́ ni. Ó wo Ọmọ́tọ́ṣọ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti tún tẹjú mọ́ tábìlì, kò sì sẹ́ni tó tún sọ pé kí ọmọ náà lọ. Nígbà tí àwọn yòókù ní kí Ìkẹ́olúwa kúnlẹ̀, kó tọrọ àforíjì, Ọmọ́tọ́ṣọ́ kò dá sí i mọ́. Agbára tó ní lọ́jọ́ náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Ẹ ní kí n tọrọ àforíjì," ni Ìkẹ́olúwa wí. "Lọ́wọ́ ta ni? Lọ́wọ́ àtẹ̀gùn? Ẹ̀yin àgbà, ẹ ti ń wo ẹsẹ̀ mi tipẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí pé mo wọ ilé Bàbá mi dókè."

Wọ́n ní títí yóò fi tọrọ àforíjì, kò gbọdọ̀ jókòó láàárín akọrin mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó tètè dé. Ó wọ aṣọ akọrin tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì jókòó sí àyè rẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ ohùn kejì. Fàòsíyà jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó wé ìborùn, ó ní òun wá wo ẹni tí yóò dán an wò. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú èrò wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó sọ ọ́ sí i létí pé ìgbìmọ̀ ní kó dìde.

"Bí ẹ bá lè gbé mi, ẹ gbé mi," ni Ìkẹ́olúwa dá a lóhùn, kò sì sọ ọ́ sí i létí.

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àṣàbí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkẹ́olúwa sún mọ́ ọn, ó fi èjìká ti èjìká rẹ̀. Obìnrin tó wà lápá kejì náà sún mọ́ ọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn tẹ̀ síwájú. Wọ́n há mọ́ ara wọn títí tí kò fi sí àyè tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Olùtọ́jú èrò náà padà sẹ́yìn.

Dùùrù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo akọrin dìde, Ìkẹ́olúwa fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde pẹ̀lú wọn, ó ya ẹnu, ó sì kọrin.